Owó Orí Lórí Owó Oṣù Tàbí Lórí Ọjà: Èwo Ni Kí Ìpínlẹ̀ Gbára Lé?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ókè-Mọ́sàn àti àwọn olùkọ́ káàkiri Abẹ́òkúta: kí ló dé tí wọn kò kúkú fi owó oṣù wa sílẹ̀, kí wọ́n gbé gbogbo owó orí ka orí ọjà, kí oníkálukú máa san níwọ̀n ohun tó bá rà? Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Wọ́n ń yọ owó tiwọn kí ó tó wọ báńkì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa owó jù wọ́n lọ nínú òwò kì í fojú kan agbowó orí láti ọdún dé ọdún. Bó bá jẹ́ orí ọjà ló wà, gbogbo wa la jọ máa san án. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn.

Mo fẹ́ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa fara mọ́ nígbà tí àwọn olóṣèlú bá gbé e dé. Kí n sì tètè sọ ibi tí mo dúró sí: owó orí ọjà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi rọ́pò owó orí owó oṣù láìyọ oúnjẹ kúrò, ẹrù olówó la gbé lé mẹ̀kúnnù lórí.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́

Owó orí owó oṣù, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló ń yọ ọ́, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló sì ni ín. Níbí, iléeṣẹ́ OGIRS ló ń gbà á fún Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú 100, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e ń san ìdá 18, lẹ́yìn náà ìdá 21, ìdá 23, títí dé ìdá 25 fún owó tó bá lé ní ₦50,000,000. Bí owó bá ṣe ń pọ̀ ni ìdá náà ń ga.

Owó orí ọjà tiwa ni VAT. Ọdún 1994 ló bẹ̀rẹ̀, òun ló rọ́pò owó orí ọjà tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń gbà láti 1986. Ìdá 5 ni tẹ́lẹ̀. Ó di ìdá 7.5 ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á, tí wọ́n á sì pín in: lábẹ́ òfin tuntun, ìdá 55 nínú 100 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 35 ti ìjọba ìbílẹ̀, ìdá 10 péré ló kù fún Abuja.

Nítorí náà gómìnà wa kò lè dá jí lọ́jọ́ kan kí ó ní òun fagi lé owó orí owó oṣù. Abuja ló ń ṣòfin rẹ̀, ìpínlẹ̀ kàn ń gbà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìpínlẹ̀ Rivers gbìyànjú ní 2021 láti máa gba VAT fúnra rẹ̀. Kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt gbè é lẹ́sẹ̀, Èkó náà ṣòfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ní kí gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Amẹ́ríkà ni ìpínlẹ̀ ti ń yan èyí tó wù ú, ibẹ̀ sì la ti lè rí àbájáde rẹ̀ lójúkojú. N óò dé ibẹ̀.

Ta ni yóò san án?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan jẹ́ màmá tó ń tọ́jú ilé ìwé kan ní Ọbáńtokò, ó ń gba ₦100,000 lóṣù. Èkejì jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ńlá kan, ó ń gba ₦2,000,000 lóṣù. A ò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìdẹ̀rùn owó ilé fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ìṣirò náà lè rọrùn.

Ká wá ní ìjọba fagi lé owó orí owó oṣù, ó sì fi ìdá 10 nínú 100 lé gbogbo ohun tí a bá rà, àti gààrí àti ọṣẹ. Ọjà tí màmá ń rà lọ́dún tó ₦1,000,000. Ìyókù bá owó ọkọ̀ àti owó ilé lọ, kì í ṣẹ́ kù débi tí á fi dá èsúsú. Ọ̀gá náà ń jẹun, ó ń wọṣọ, ó ń ra táyà, ṣùgbọ́n kò sí bí á ṣe ná ₦24,000,000 tán sọ́jà. Ká ní ó ra ọjà ₦8,000,000. Èyí tó kù, ó fi ra ilẹ̀, ó fi ra ìpín nínú iléeṣẹ́, ó fi sanwó ilé ìwé ọmọ lókè òkun.

| | Màmá (₦1,200,000 lọ́dún) | Ọ̀gá (₦24,000,000 lọ́dún) |
|---|---|---|
| Owó orí owó oṣù, òfin 2026 | ₦60,000 (ìdá 5 nínú 100) | ₦4,470,000 (ìdá 18.6) |
| Owó orí ọjà ìdá 10, oúnjẹ wà níbẹ̀ | ₦100,000 (ìdá 8.3) | ₦800,000 (ìdá 3.3) |
| Owó orí ọjà ìdá 10, a yọ oúnjẹ kúrò | ₦40,000 (ìdá 3.3) | ₦600,000 (ìdá 2.5) |

(Ní ìlà tó kẹ́yìn, mo fi oúnjẹ màmá sí ₦600,000, ti ọ̀gá sí ₦2,000,000.)

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Màmá fi ₦40,000 kún ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá jèrè ₦3,670,000. Kí àpò ìjọba tó padà sí bó ṣe wà nítorí ọ̀gá kan ṣoṣo yìí, màmá méjìléláàádọ́rùn-ún ni yóò máa fi ₦40,000 kún un lọ́dọọdún. Àwọn ẹni tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu ni ká ní kí wọ́n jọ dáwó fún ẹni tó ní ju gbogbo wọn lọ. Èmi ò lè fara mọ́ ọn, mi ò sì rò pé olùkọ́ tó ń béèrè ìbéèrè yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Ìlà kẹta dára fún màmá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpò ìjọba ti jò ju ti ìlà kejì lọ. Ìjọba tó bá yọ oúnjẹ kúrò gbọ́dọ̀ gbé ìdá náà ga lórí ohun yòókù, tàbí kí ó dín owó ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kù, níbi tó jẹ́ pé màmá yìí kan náà ló ń lò ó jù.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan máa ń sọ pé owó tí ọ̀gá fi pamọ́ lónìí, yóò ná an lọ́la, owó orí yóò sì bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀ dé àyè kan. Àmọ́ bó bá ná an ní London ńkọ́? Bó bá fi í sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ tún fi ra ilẹ̀? Ìpínlẹ̀ kò lè máa dúró de ogún ọdún kí ó tó san owó nọ́ọ̀sì.

Ṣé ọrọ̀ ajé á dàgbà sí i?

Ohun tí àwọn tó fẹ́ kí a yí padà ń sọ nìyí: owó orí owó oṣù ń jẹ iṣẹ́ àti ìfowópamọ́ níyà. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́, wọ́n á yọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi owó sí ìdókòwò tí èrè jáde, wọ́n á tún yọ. Owó orí ọjà kò fọwọ́ kan owó tí ẹ kò ná, nítorí náà owó á pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ á sì pọ̀. Ní ìwé, àlàyé náà gún régé.

L'Amẹ́ríkà, Ìpínlẹ̀ Kansas gbìyànjú apá kan rẹ̀. Ní 2012, Gómìnà Sam Brownback fọwọ́ sí òfin tó gé owó orí lórí owó tó ń wọlé, tó tiẹ̀ yọ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kúrò pátápátá lórí èrè òwò wọn. Ó ṣèlérí pé ọrọ̀ ajé yóò bú jáde. Kò bú jáde bó ṣe wí, owó ìjọba sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ní 2015, wọ́n gbé owó orí ọjà láti ìdá 6.15 sí ìdá 6.5 láti fi dí ihò náà, oúnjẹ sì ń san án ní kíkún nígbà náà, bí ohun gbogbo yòókù. Ohun tí ìlà kejì àpẹẹrẹ wa ń sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 2017, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà fúnra rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀, borí àìfọwọ́sí rẹ̀, wọ́n sì dá owó orí náà padà.

North Carolina náà yí tirẹ̀ padà láti 2013, kò sì rí bíi ti Kansas. Wọ́n sọ owó orí owó tó ń wọlé di ìdá kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn, 5.8, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń yí títí tó fi dé 4.25 ní 2025, wọ́n sì fẹ owó orí ọjà dé orí àwọn iṣẹ́ bí àtúnṣe ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ ilé. Ọrọ̀ ajé wọn dàgbà, bẹ́ẹ̀ èrò ti ń rọ́ lọ síbẹ̀ kí òfin náà tó dé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó orí nìkan ló ṣe é. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni sùúrù: wọn kò jó ilé kí wọ́n tó kọ́ òmíràn.

Louisiana tún yàtọ̀. Gómìnà wọn nígbà náà, Bobby Jindal, fẹ́ fi owó orí ọjà rọ́pò owó orí owó tó ń wọlé pátápátá ní 2013, ariwo sọ, ó sì kó o padà láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, wọ́n yí apá kan rẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, owó orí owó tó ń wọlé di ìdá 3 fún gbogbo èèyàn, owó orí ọjà ti ìpínlẹ̀ sì gòkè láti 4.45 sí 5.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Houston á sọ pé Texas kò gba owó orí owó oṣù rárá, nǹkan sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń san lórí ilé wọn lọ́dọọdún. Owó orí ilé Texas wà lára èyí tó wọ́n jù l'Amẹ́ríkà, ìdá 8.25 sì ni owó orí ọjà ní Houston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbà á lórí oúnjẹ tí a rà lọ sè nílé. Tennessee náà kò gba owó orí owó oṣù, àmọ́ ìdá 7 ni ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ọjà, ìdá 4 lórí oúnjẹ, kí ìbílẹ̀ tó fi tirẹ̀ lé e. Alaska ní epo rọ̀bì. Florida ní àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́. Ìpínlẹ̀ tó bá ti owó oṣù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn rí i.

Ààlà wa pẹ̀lú Èkó

Ìlú Vancouver ní Ìpínlẹ̀ Washington àti ìlú Portland ní Oregon dojú kọ ara wọn, odò Columbia ló wà láàárín. Washington kì í gba owó orí lórí owó oṣù, ó ń gba ti ọjà; Oregon kì í gba ti ọjà, ó ń gba ti owó oṣù. Kí ni àwọn ará Vancouver ń ṣe? Wọ́n ń gbé níbi tí owó oṣù ti lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń sọdá afárá lọ ra ẹ̀rọ àti aṣọ níbi tí ọjà ti lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń gbé ní Mowé, Ìbàfò, Àkúté àti Sàngó-Ọ̀tà pọ̀ lọ jàra, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Nínú owó orí owó oṣù, ibi tí èèyàn ń sùn ni òfin ń wò, Ògùn ló sì ni owó náà bí agbanisíṣẹ́ bá san án síbi tó yẹ. Nínú owó orí ọjà, ibi tí wọ́n ti rà á ni ìpínlẹ̀ náà ti ń jàǹfààní. Ẹni tó jáde ní Mowé ní aago márùn-ún ìdájí, Èkó ló ti ń jẹun ọ̀sán, Èkó ló ti ń ra epo, Èkó ló ti ń ra aṣọ ọmọ. Bí a bá gbé gbogbo owó orí ka orí ọjà, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba tirẹ̀, àwa la ó máa ṣe ọ̀nà àti ilé ìwé fún èèyàn tó ń náwó rẹ̀ sí Èkó. Fún Ìpínlẹ̀ Ògùn ní pàtàkì, mo ka èyí sí ìdí tó lágbára jù láti má ṣe jẹ́ kí owó orí owó oṣù lọ.

Òfin tuntun mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ wa sí i. Nínú ìpín VAT tó jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 50 ni wọ́n ń pín dọ́gbadọ́gba, ìdá 20 nípa iye èèyàn, ìdá 30 nípa ibi tí wọ́n ti lo ọjà, kì í ṣe ibi tí orí iléeṣẹ́ wà mọ́. Èyí ṣe wá láǹfààní. Ọjà tí ará Abẹ́òkúta rà ní Kútọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní Èkó, orúkọ Ògùn ló yẹ kí ó wà lára rẹ̀ báyìí.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi àwọn tó ń ṣe àdìrẹ, nítorí oríṣi owó orí ọjà méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì lè pa òwò tàbí kí ó gbà á là. Bí wọ́n bá ń gba ìdá 10 ní gbogbo ọwọ́ tí ọjà bá gbà kọjá, láìyọ èyí tí ẹni ìṣáájú ti san, aṣọ funfun ₦10,000 á di ₦11,000 lọ́wọ́ alágbàtà, ₦12,100 lọ́wọ́ aláró, ₦13,310 lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ wọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi èrè kọ́bọ̀ lé e. Bó bá jẹ́ VAT tó ń gba oníṣòwò láyè láti yọ èyí tó ti san tẹ́lẹ̀, ₦11,000 ló máa dúró sí. Òfin tuntun ti jẹ́ kí oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ lè yọ VAT tó san lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá a ṣe àti lórí ẹ̀rọ tó rà, èyí tí òfin àtijọ́ kò gbà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni rìsíìtì. Aláàdìrẹ tó ra aṣọ àti aró láìgba rìsíìtì kò ní ohun tí á fi gba owó rẹ̀ padà, á sì máa ru ẹrù tí iléeṣẹ́ ńlá kì í rù.

Èyí tí ojú ń rí àti èyí tí ojú kò rí

Kí òmìnira Ẹ̀gbá tó bọ́ ní 1914, owó bodè lórí ọjà wà lára ohun tí ìjọba Ẹ̀gbá fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí Lugard gbé owó orí tààrà dé ní 1918, ó wà lára ohun tó dá Ogun Adùbí sílẹ̀. Wọ́n hú irin rélùwéè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní 1947, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí yí ààfin Aláké po nítorí owó orí tí wọ́n bù fún obìnrin. Wọ́n yọ owó orí náà kúrò, Ọba Ademọ́lá Kejì sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 kí ó tó padà ní 1950.

Owó orí tí èèyàn fojú rí, èèyàn lè bá a jà, ó sì lè béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Èyí tó sá pamọ́ sínú iye ọjà, ìdá 5 di ìdá 7.5 lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ra ọṣẹ ní Láfẹ́nwá á rò pé oníṣọ́ọ̀bù ló fowó lé e. Ìjọba tiẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ìdá 10, lẹ́yìn náà 12.5, títí dé 15 nínú àbádòfin ọdún 2024. Àwọn gómìnà àti aṣòfin ló yọ ọ́ kúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí mi ò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá mọ ọjọ́ tí ó wọlé.

Èwo ni kí ẹ fara mọ́?

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ₦150,000 lóṣù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tó ń dùn yín ni pé ẹlòmíràn kò san tirẹ̀, ohun tó sì yẹ kí ẹ bèèrè fún ni pé kí agbowó orí lọ bá àwọn oníṣòwò ńlá, àwọn onílé tó ń gba háyà àti àwọn lọ́yà, kí wọ́n san bí òfin ṣe wí.

Bí owó yín bá tóbi gan-an, owó orí ọjà ló sàn fún àpò yín, òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ kàn wo ẹni tó ń san ìyàtọ̀ náà.

Oníṣòwò kékeré ní Kútọ̀ tàbí Ìtòkú kò ní VAT láti gbà lọ́wọ́ oníbàárà, òfin yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò bá kúrò lórí àtẹ nítorí pé ó wọ́n jù, òun ló máa jókòó tì í. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gan-an ló yẹ kí ara rẹ̀ gbọ̀n jù: owó ìfẹ̀yìntì kò ní owó orí nísinsìnyí, ó sì ti san ti owó oṣù fún ọdún márùndínlógójì. Bí a bá yí i padà lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í san ti ọjà láti ibẹ̀rẹ̀.

Ètò tí mo rò pé ó bá wa mu ni pé kí méjèèjì wà: kí ti owó oṣù máa bá owó ńlá lọ, kí ti ọjà dúró lórí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́, oògùn àti ẹ̀kọ́, bí òfin tuntun ṣe fi wọ́n sí ìdá òdo. Ìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn olùdíje á sì dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìlérí pé àwọn á gé owó orí. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ṣé gààrí, ẹ̀wà àti oògùn wà nínú ohun tí owó orí ọjà yín máa kàn? Ìdá mélòó ló máa dí ihò tí ẹ fẹ́ lu? Ará Mowé tó ń rajà ní Èkó, ta ló máa gba tirẹ̀?